Ẹran Ẹṣin Nínú Ilé Ẹ̀rọ

Ẹran ẹṣin ló tú àṣírí Yersain. Kì í ṣe ọlọ́pàá, kì í ṣe ìwé ìjọba, kì í sì í ṣe ọgbọ́n àwọn tó kàwé. Ẹran ẹṣin tí Batima sè lọ́jọ́ Àbámẹ́ta kan nínú oṣù Kejìlá, tó gé gbọọrọgbọọrọ sórí àwo, tó sì ń yìn bí ẹni ń yin àkọ́bí ọmọ, òun ló fa gbogbo ọ̀rọ̀ yìí.

Batima ló ń gbálẹ̀ nílé ìwòsàn Dókítà Tolegen ní ìlú Karaganda, ní orílẹ̀-èdè Kasakstáànì. Òun àti Kairolla ọkọ rẹ̀ ti pa ẹṣin òtútù wọn, èyí tí gbogbo ilé tí apá rẹ̀ ká a máa ń pa kí yìnyín tó le, kí wọ́n lè rí ẹran jẹ títí ilẹ̀ á fi tún rú ewé. Wọ́n pe èèyàn wá bá wọn jẹ ẹ́, bó ti yẹ. Kenjegul, tó ń bójú tó àkọsílẹ̀ àwọn aláìsàn nílé ìwòsàn náà, wà lára àwọn tí wọ́n pè. Ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ó ń jẹun bí ẹni tí kò ní wàhálà kankan láyé.

Batima ń bu tíì fún un ní ìdajì ife, ìdajì ife, kó lè máa na ife padà, kí ọ̀rọ̀ lè máa dùn lọ. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń fi ọ̀wọ̀ bu tíì lọ́dọ̀ wọn. Ẹni tí wọ́n bá bu tíì kún ife dé etí fún, kó yáa máa wá fìlà rẹ̀. Onílé ti ní ó dàbọ̀.

“Màmá Batima,” Kenjegul bi í, “odindi ẹṣin kan, nínú ilé yàrá méjì yìí, ibo lẹ kó o sí?”

“Ibi iṣẹ́ bàbá àwọn ọmọ mi ni o. Gbọ̀ngàn yẹn tutù ju fìríìjì lọ. Ọ̀sẹ̀ kẹta rèé, kò rùn, kò yí àwọ̀.”

Eyín Kenjegul dúró sórí ẹran. “Gbọ̀ngàn wo?”

“Èyí táwọn kọ́bọ́ọ̀dù oníná wà ńbẹ̀ ńkọ́. Ṣé wọ́n ní òmíràn ni?”

Kairolla wúkọ́. Ó fi orúnkún gbá ìyàwó rẹ̀ lábẹ́ tábìlì. Batima rò pé àyè ni ọkọ òun ń wá, ó bá sún ẹsẹ̀ fún un.

Kí ẹ tó lè mọ ìdí tí Kenjegul fi dẹ́kun jíjẹ lójijì, ẹ jẹ́ ká padà sẹ́yìn díẹ̀. Ó ti pẹ́ tí àkọsílẹ̀ àwọn aláìsàn ilé ìwòsàn náà ti wà nínú ẹ̀rọ nílẹ̀ òkèèrè, níbi tí wọ́n háyà àyè sí. Òfin Kasakstáànì wá ní àkọsílẹ̀ ọmọ orílẹ̀-èdè gbọ́dọ̀ wà nínú ẹ̀rọ tó fẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ orílẹ̀-èdè náà. Wọ́n ní láti wá onílé ẹ̀rọ kan nítòsí tó máa bá wọn tọ́jú rẹ̀, ẹnì kan sì gbọ́dọ̀ fi orúkọ ara rẹ̀ sábẹ́ ìwé pé òun ni kí ìjọba bi bí ohunkóhun bá ṣẹlẹ̀. Kenjegul ni ẹni náà.

Ilé iṣẹ́ méjì ló wá bá wọn. Àwọn àkọ́kọ́ kò mọ̀rọ̀ ọ́ sọ. Wọ́n kó ìwé tó nípọn bí bíríkì wá, wọ́n fún dókítà ní kọfí kíkan nínú ife pépà, wọ́n sì ní kó wá wo ilé àwọn nígbàkígbà tó bá wù ú. Ẹnì kejì ni Yersain. Ọkùnrin tó mọ́ lára ni, ẹnu rẹ̀ dùn, a máa pe àgbà ní bàbá, a sì máa bèèrè ọmọ-ọmọ lórúkọ. Òun kò kó ìwé wá. Ìpè ló mú wá: kí wọ́n wá jẹun.

Oṣù Kẹsàn-án ni wọ́n lọ. Ilé ìkẹ́rùsí ilé iṣẹ́ búrẹ́dì kan tó ti kógbá sílé ni ibẹ̀, wọ́n ti kùn ún tuntun. Yersain wọ ẹ̀wù funfun sí wọn lọ́rùn, ó ṣílẹ̀kùn gbọ̀ngàn. Kọ́bọ́ọ̀dù dúdú tò lọ rẹrẹ, iná àwọ̀ ewé àti àwọ̀ aró ń ṣẹ́jú lára wọn, ariwo ń hó yee, afẹ́fẹ́ gbígbóná sì fẹ́ sí wọn lójú. Ìṣẹ́jú méjì kò tíì pé tí Yersain fi di dókítà lápá mú, ó ní, “Bàbá, oúnjẹ ń tutù.” Wọ́n jókòó sídìí àgùntàn odindi fún wákàtí márùn-ún. Ta ló máa jẹ oúnjẹ èèyàn tán, tó máa wá dìde pé kó ṣí kọ́bọ́ọ̀dù rẹ̀ kí òun wonú ẹ̀? Àwọn àgbà ní ẹnu tó jẹ dòdò kì í sọ òdodo. Inú dókítà dùn débi pé ó mú ṣapan, agbádá ọlá tí wọ́n fi góòlù ṣe ọ̀nà sí, ó gbé e wọ Yersain gẹ́gẹ́ bí ẹ̀bùn ìgbà àkọ́kọ́ tí wọ́n rí ilé tuntun rẹ̀. Kenjegul fọwọ́ síwèé. Nígbà tí wọ́n kó àkọsílẹ̀ náà dé tán, òun náà ló fọwọ́ sí i pé kí wọ́n pa ti òkèèrè rẹ́, nítorí bẹ́ẹ̀ lòfin wí. Nígbà tí Yersain ní kó bá òun wá mẹ́gáàdì olóòótọ́ kan ládùúgbò, ọkọ Batima ló mú lọ.

Ẹ̀rọ tó bá ń ṣiṣẹ́ a máa gbóná bí ìdí ìkòkò. Gbọ̀ngàn tí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ kún, bí yìnyín tilẹ̀ bo òrùlé, ẹran tútù kò lè lo ọjọ́ méjì níbẹ̀ kó má rùn. Èyí ni Kenjegul ń rò bó ṣe ń wọ bàtà òtútù rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Àwọn olùbẹ̀wò ìjọba sì ń bọ̀ ní Ọjọ́bọ̀ láti wo ibi tí àkọsílẹ̀ náà wà.

“Lọ́la, aago mẹ́wàá,” ó sọ fún Kairolla kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, “ẹ máa ṣí gbọ̀ngàn yẹn fún mi.”

“Àbúrò, wọ́n ní ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ wọlé.”

“Ẹṣin ńkọ́? Ṣé ẹṣin gbàwé àṣẹ ni?”

Kairolla ní òun á mú kọ́kọ́rọ́ dání.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Àìkú, oòrùn ń ràn lórí yìnyín tó bẹ́ẹ̀ tí kò ṣeé wò. Kairolla ṣílẹ̀kùn. Òtútù ló kọ́kọ́ kí Kenjegul káàbọ̀. Iná ń ṣẹ́jú lára kọ́bọ́ọ̀dù gẹ́gẹ́ bí ti oṣù Kẹsàn-án, ṣùgbọ́n kò sí ariwo rárá. Láàárín ìlà kejì àti ìlà kẹta, ìhà ẹṣin so rọ̀ lórí ìkọ́, itan méjèèjì wà lẹ́yìn wọn, kazy, ìyẹn ìfun ẹṣin tí wọ́n ki ẹran àti ọ̀rá sínú rẹ̀, sì tò lọ lórí àtẹ̀gùn irin tó yẹ kí wáyà gbà kọjá. Kairolla ti lẹ ohun ìdíwọ̀n òtútù mọ́ ògiri nítorí ẹran rẹ̀. Ìwọ̀n mọ́kànlá nísàlẹ̀ òdo ló wà.

Kenjegul ṣí kọ́bọ́ọ̀dù àkọ́kọ́. Pátákó ló wà nínú rẹ̀, wọ́n so gúlóòbù wẹ́wẹ́ tí wọ́n fi ń ṣe igi ọdún tuntun lọ́ṣọ̀ọ́ mọ́ ọn. Ó ṣí ìkejì, bákan náà ni. Ìkẹta kò tilẹ̀ ní pátákó. Lẹ́yìn gbogbo wọn, ó rí ẹ̀rọ amúlégbóná mẹ́fà àti fáànù ńlá mẹ́rin tí wọ́n ti yọ wáyà wọn. Ooru àti ariwo oṣù Kẹsàn-án nìyẹn. Ẹ̀rọ kan ṣoṣo tó wà láàyè níbẹ̀ kò tóbi ju búrẹ́dì kan lọ, ó wà lẹ́nu ọ̀nà. Òun ló ń dáhùn nígbàkígbà tí wọ́n bá pè láti ilé ìwòsàn, bí ọmọ ọ̀dọ̀ tó ń sọ pé ọ̀gá wà nílé nígbà tí ọ̀gá ti rìnrìn-àjò. Ohunkóhun tí wọ́n bá fún un, òkèèrè ló ń taari rẹ̀ sí.

Kenjegul jókòó sórí àpótí kan, ẹ̀rù sì bà á gidigidi, kò fi bò. Òun ló pa èyí tó wà tẹ́lẹ̀ rẹ́. Bí èyí bá lọ, kò sí òmíràn.

Ìgbà náà ni wọ́n gbúròó ọkọ̀ níta.

“Ọ̀gá mi ni,” Kairolla wí. “Kì í wá lọ́jọ́ Àìkú.”

Ọ̀nà kan ṣoṣo ló jáde. Kenjegul kó wọnú kọ́bọ́ọ̀dù kẹta, ó fa ilẹ̀kùn mọ́ra. Ibi tí wọ́n ní àkọsílẹ̀ ọ̀kẹ́ méjì aláìsàn wà, òun nìkan ló wà níbẹ̀ báyìí, tó ká orúnkún mọ́ àyà.

Yersain wọlé, ó dúró.

“Kí lèyí?”

“Ẹṣin ni, ọ̀gá.”

“Mo rí i pé ẹṣin ni. Kí ló ń ṣe níbí?”

“Ó ń tutù, ọ̀gá.”

“Ta ló ti rí i?”

“Èmi àti Ọlọ́run.”

Ẹsẹ̀ Yersain rìn lọ, ó rìn bọ̀. Ó dúró nítòsí kọ́bọ́ọ̀dù kẹta gan-an. “Ìbọ̀wọ́ pupa yìí ńkọ́? Ṣé ti Ọlọ́run ni?”

Kenjegul wo ọwọ́ ara rẹ̀. Ìbọ̀wọ́ kan ló kù níbẹ̀.

“Ti ìyàwó mi ni,” Kairolla dáhùn. “Òun ló bá mi gbé ìhà ọ̀tún.”

Yersain na ọwọ́ sókè, ó tẹ kazy kan wò. Ọmọ Kasaki náà ni, olè tàbí olóòótọ́. “Ṣé ó sanra?”

“Ọ̀rá ẹ̀ tó ìka mẹ́rin, ọ̀gá.”

“Di méjì fún mi. Kó ìyókù kúrò kí Ọjọ́bọ̀ tó dé.” Ó rán an jáde lọ wá láílọ́ọ̀nù tó máa fi dì í, ó sì gbé fóònù sétí, ó pe ẹnìkejì rẹ̀ lókèèrè. “Ìṣẹ́gun ni mò ń lọ. Bàálù aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́. Bí mo bá ti dé pápá ọkọ̀ òfurufú màá pè ẹ́, kó o pa gbogbo ẹ̀ rẹ́. Ẹyọ kan ò gbọ́dọ̀ kù. Bó o bá sì gbọ́ pé wọ́n mú mi, má wulẹ̀ dúró de ìpè, pa á rẹ́ lójú ẹsẹ̀. Tí kò bá sí ẹ̀rí, kò sí ẹjọ́.”

Nígbà tí ọkọ̀ rẹ̀ lọ tán, Kairolla ló fa Kenjegul jáde nínú kọ́bọ́ọ̀dù, nítorí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti kú tipiri.

Dókítà Tolegen, ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin, kò kọ́kọ́ gbà á gbọ́. Ó ní òun ti jẹ oúnjẹ ọkùnrin yẹn. Kenjegul ní ìhà ẹṣin mẹ́rìnlá ló wà níbẹ̀, òun fi ojú ara òun kà á. Bàbá náà jókòó jẹ́jẹ́. “Mo sì wọ ṣapan sí i lọ́rùn,” ó wí, ó dàbí ẹni pé ìyẹn ló dùn ún jù. Wọ́n pe Gleb, ọkùnrin tó ń tún kọ̀ǹpútà ilé ìwòsàn ṣe. Ó ní àwọn ṣì lè rọra kó gbogbo rẹ̀ padà gba ọ̀nà tí wọ́n ń gbà wò ó lójoojúmọ́, ṣùgbọ́n bí òun bá kánjú, ẹni tó wà lọ́hùn-ún máa fura. Pẹ̀lú gbogbo fọ́tò egungun àti ẹ̀dọ̀fóró tó wà níbẹ̀, kò lè parí kí aago mẹ́rin ọ̀sán Ìṣẹ́gun tó lù.

Ọ̀gá ọlọ́pàá tí wọ́n lọ bá ń jẹ́ Serimbet, ọkùnrin ńlá tó ń mí bí ẹni gòkè. Kenjegul ló kọ́kọ́ dojú kọ.

“Àbúrò, yàrá tútù kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ lójú òfin. Ta ló fọwọ́ síwèé àdéhùn?”

“Èmi ni.”

“Ta ló ní kí wọ́n pa ti tẹ́lẹ̀ rẹ́?”

“Èmi náà ni.”

“Tó bá wá parẹ́, ta ni màá kọ́kọ́ mú?”

“Èmi ni, ọ̀gá. Ìdí tí mo fi wá nìyẹn.”

Serimbet wò ó, ó sì yí ohùn padà. Ó ní bí òun bá mú Yersain lónìí, ìròyìn á ti dé òkèèrè kí òun tó dé àgọ́, nítorí pé ọ̀rọ̀ ń sáré ní Karaganda. Bí òun kò bá sì mú un di ìrọ̀lẹ́ Ìṣẹ́gun, á fò lọ. Ohun tí òun fẹ́ ni kí ẹnì kan dá a dúró di aago mẹ́rin, kó má sì mọ̀ pé wọ́n dá òun dúró.

“Tábìlì ló fi dá wa dúró,” Kenjegul wí. “Àwa náà ní tábìlì.”

Dókítà Tolegen fúnra rẹ̀ ló pè é. Ó ní òun fẹ́ pa àgùntàn, kí òun gbé orí rẹ̀ síwájú Yersain lọ́sàn-án Ìṣẹ́gun, lójú àwọn onílé ìwòsàn méjì tí wọ́n ń wá ibi tí wọ́n máa kó àkọsílẹ̀ tiwọn sí. Yersain ní ìrìn-àjò ń bẹ fún òun lọ́jọ́ náà. Bàbá ní àgùntàn náà ti wà lórí ìso. Ẹni tó bá kọ orí àgùntàn tí àgbà fi dá a lọ́lá, ojú wo ló tún máa fi rìn nílùú? Bẹ́ẹ̀ ni oníbàárà tuntun méjì kì í ṣe ohun tí olójúkòkòrò ń rí tó ń mójú kúrò. Yersain ní òun á wá, àmọ́ aago mẹ́ta lòun máa dìde.

Ó wá sílé dókítà pẹ̀lú ṣapan lọ́rùn, ó ń dán yinrin. Àpótí ìrìn-àjò rẹ̀ wà nínú ọkọ̀. Wọ́n mú un jókòó síbi ọlá, ní iwájú pátápátá, jìnnà sílẹ̀kùn. Serimbet jókòó tì í, ó wọ súwẹ́tà fífẹ̀ kan, wọ́n ní onílé ìwòsàn láti ìlú Temirtau ni, ọlọ́pàá rẹ̀ kan ló sì ṣe bí ẹnì kejì.

“Irú àìsàn wo lẹ̀ ń tọ́jú?” Yersain bi í.

“Egungun ni,” Serimbet dáhùn. “Ọrùn ọwọ́ ni mo mọ̀ ọ́n dì jù.”

Kenjegul ló ń bu tíì. Kò bu ìdajì. Ìdá kan nínú mẹ́ta ife ló ń bu, kí ife lè tètè máa padà wá. Fóònù wà nínú àpò épírọ́ọ̀nù rẹ̀, Gleb sì ń fi iye tó ti kó ránṣẹ́ sí i láti ilé ìwòsàn: ọgọ́rin nínú ọgọ́rùn-ún, márùndínláàádọ́rùn-ún. Aago méjì lù. Dókítà bẹ̀rẹ̀ ìtàn bàbá bàbá rẹ̀ àti ìkookò kan tí kò mọ ọ̀nà ilé. Ìtàn náà gùn. Ìkookò náà kò kú bọ̀rọ̀. Ní aago mẹ́ta, Yersain gbé ìdí sókè lórí tìmùtìmù, ìgbà náà gan-an ni Batima gbé àwo ńlá wọlé, tí orí àgùntàn wà lórí ẹran bí ọba lórí ìtẹ́, wọ́n sì gbé e kalẹ̀ níwájú rẹ̀. Ó ní láti gé e. Ó gé etí fún àwọn ọ̀dọ́, ó gé ẹran ẹ̀rẹ̀kẹ́ fún àgbà. Fóònù rẹ̀ dún, ó nawọ́ sí i.

“Orí wà níwájú rẹ, ọmọ mi,” Dókítà Tolegen wí pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

Yersain fi í sílẹ̀.

Aago mẹ́rin ku ogún ìṣẹ́jú, Gleb tún fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́: íńtánẹ́ẹ̀tì ń fà, ó ku ogójì ìṣẹ́jú. Kenjegul rí i pé Yersain ti dìde, ó ní òun fẹ́ fọwọ́, ó sì ń tẹ fóònù bó ṣe ń lọ. Kenjegul gbé kẹ́tù omi àti báásìn, ó fi táwẹ́ẹ̀lì kọ́ apá, ó sáré gba ọ̀nà ilé ìdáná yọ sí i ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ọwọ́ àlejò ló kún fún ọ̀rá, ẹni tó ń bu omi sì dúró níwájú rẹ̀. Yersain ju fóònù sápò, ó na ọwọ́ méjèèjì. Kenjegul rọra ń da omi, ìka kọ̀ọ̀kan, ìka kọ̀ọ̀kan.

“Ọwọ́ rẹ kéré,” Yersain wí lójijì. Ohùn dídùn yẹn ti lọ.

“Bẹ́ẹ̀ ni.”

“Mo rí ìbọ̀wọ́ pupa kan nínú gbọ̀ngàn mi. Òun náà kéré. Mo sì ṣẹ̀ṣẹ̀ wo ọwọ́ Batima nígbà tó ń gbé àwo. Ọwọ́ yẹn ò lè wọ̀ ọ́.”

“Èmi ni mo yá a. Ó ní ó há òun lọ́wọ́.”

“Ọ̀kẹ́ méjì èèyàn ló wà lọ́wọ́ mi, Kenjegul. Àìsàn wọn, àṣírí wọn. Mo kàn máa sọ gbólóhùn kan, wọ́n á di afẹ́fẹ́. Orúkọ ta ló wà nísàlẹ̀ ìwé?”

“Tèmi ni.” Omi kò dá lọ́wọ́ rẹ̀. “Ọ̀rá ṣì wà láàárín ìka yìí.”

“Yersain!” Bàbá pè láti inú yàrá. “Ṣé o máa lọ láìgbàdúrà ni? Àgbà ò tíì súre.”

Ẹ wo nǹkan. Ọkùnrin náà ti mọ̀ pé wọ́n ti yọjú wo inú gbọ̀ngàn òun, ó ti ń fura dé àtẹ́lẹsẹ̀, síbẹ̀ kò lè gba àárín àgbà kọjá láìgba ìsúre. Ìyá ló kọ́ ọ, kò sì tíì gbàgbé. Ó padà, ó jókòó ṣinṣin sétí tìmùtìmù, ó ní ife tíì kan péré lòun máa mu. Ó mu ọ̀kan. Dókítà ṣẹ̀ṣẹ̀ rántí pé ìkookò yẹn bímọ. Ó mu ìkejì. Ó mu ìkẹta, òógùn sì yọ níwájú orí rẹ̀.

Nǹkan gbọ̀n nínú àpò épírọ́ọ̀nù. Kenjegul yọ́ ojú wò ó. Ọ̀rọ̀ méjì péré ni Gleb kọ: Ó pé.

Ó gba ife lọ́wọ́ Yersain. Ó da tíì sí i, ó kọjá ìdajì, ó gòkè, ó dé etí, ó dúró wẹ́rẹ́ létí ife láìdànù. Ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e kalẹ̀ níwájú rẹ̀.

Batima, tó ń kó àwo, dúró lójú kan. Yersain wo ife náà, ó gbé ojú sókè wo Kenjegul, ó tún wo ife.

“Ó kún,” ó wí.

“Ó kún. Gbogbo wọn ti padà sílé.”

Ó nawọ́ sí fóònù. Ṣùgbọ́n apá ṣapan gùn, ó fẹ̀, àwọn àgbà kò dá a fún ẹni tó ń kánjú. Ọwọ́ rẹ̀ sọnù sínú rẹ̀, ó ń wá ẹnu rẹ̀, Serimbet sì ti bá a rí i. Ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ dún kọ́, kọ́. Ọwọ́ pálábá Yersain ségi lójú orí àgùntàn.

“Mo ṣáà sọ fún ọ pé ọrùn ọwọ́ ni mo mọ̀ ọ́n dì jù,” Serimbet wí.

Dókítà Tolegen dìde. “Kó bọ́ ṣapan mi.” Wọn kò lè bọ́ ọ nítorí ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀. Wọ́n ní láti tú u, kí wọ́n bọ́ agbádá náà, kí wọ́n tún padà dè é, bàbá sì dúró tì wọ́n títí wọ́n fi ṣe é tán.

Ní àgọ́, kò pẹ́ tí Yersain fi jẹ́wọ́. Ó ní ilé ìwòsàn mìíràn kan àti ilé ẹ̀kọ́ méjì ni òun tún fi gbọ̀ngàn kan náà tàn jẹ. Òkèèrè, níbi tó pọ́ọ́kú, ni òun kó àkọsílẹ̀ gbogbo wọn sí. Ó dárúkọ ẹnìkejì rẹ̀. Serimbet bi í bó ṣe jẹ́ tí ẹnikẹ́ni kò fura.

“Mo máa ń sè é dáadáa,” Yersain dáhùn. “Ẹni tó bá yó kì í ṣí kọ́bọ́ọ̀dù.” Òun náà wá bi í pé, “Ta ló sọ fún yín?”

“Ẹṣin.”

Yersain dorí kodò. Kazy méjì tí Kairolla dì fún un ṣì wà nínú àpótí rẹ̀ láàárín ṣẹ́ẹ̀tì.

Ní Ọjọ́bọ̀, kí àwọn olùbẹ̀wò tó bọ́ kóòtù ni Kenjegul ti sọ gbogbo rẹ̀ fún wọn, láìfi ọ̀kan pamọ́. Gleb fi àkọsílẹ̀ náà hàn wọ́n nínú ẹ̀rọ ilé ìwòsàn fúnra rẹ̀, gbogbo rẹ̀ pé. Wọ́n wo ìwé, wọ́n wo ara wọn, wọ́n ní ẹni tó bá fẹnu ara rẹ̀ wí kò yẹ ní lílù. Wọ́n fún ilé ìwòsàn ní ọgọ́ta ọjọ́ láti wá onílé ẹ̀rọ gidi. Orúkọ Kenjegul dúró síbi tó wà. Nígbà tí wọ́n lọ tán, ó gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ kọjá, ó rí ìyá àgbàlagbà kan tó ń bá nọ́ọ̀sì jiyàn nípa oògùn ọkàn tó lò lọ́dún méje sẹ́yìn. Nọ́ọ̀sì yẹ kọ̀ǹpútà wò, ó rí i, ó kà á fún un. Kenjegul kọjú sógiri, ó sunkún ayọ̀, kò tijú ẹnikẹ́ni.

Ẹni tí inú rẹ̀ kò dùn ni Batima. Ọlọ́pàá ti fi òǹtẹ̀ ti gbọ̀ngàn pa, tòun ti ẹṣin, wọ́n ní ẹ̀rí ni. Àárọ̀ kan kò mọ́ kó má lọ síbẹ̀ lọ dúró, títí Serimbet fi jókòó ka ìhà, ka itan, ka kazy sínú ìwé, tó sì ní kó wá kó o. Kazy méjì inú àpótí nìkan ló ní àwọn ṣì máa lò nílé ẹjọ́.

Ní oṣù Kìíní, Kenjegul lọ sọ́dọ̀ àwọn oníkọfí kíkan yẹn. Ọ̀gá ibẹ̀, obìnrin kan tó ń lo awò ojú, kí i, ó ní tíì ti wà nílẹ̀.

“Gbọ̀ngàn ná,” Kenjegul wí.

Ó dúró láàárín àwọn kọ́bọ́ọ̀dù nínú kóòtù onírun rẹ̀, ariwo ń hó létí rẹ̀. Ó ṣí wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó yá, ó bọ́ fìlà. Ó bọ́ ìborùn. Ó bọ́ kóòtù. Lẹ́yìn náà ó yọ láílọ́ọ̀nù kan nínú báàgì, ègé ẹran ẹṣin tó dì gbagidi ló wà nínú rẹ̀, Batima ló fi rán an. Ó gbé e sórí kọ́bọ́ọ̀dù kan lẹ́yìn, níbi tí afẹ́fẹ́ ń gbà jáde. Obìnrin aláwò náà la ẹnu, ó sì tún pa á dé.

Wọ́n lọ mu tíì, ìdajì ife, ìdajì ife, fún wákàtí kan gbáko. Nígbà tí wọ́n padà dé, ẹran náà ti rọ̀ jọ̀bọ̀jọ̀bọ̀ nínú láílọ́ọ̀nù, ó ti ń sun omi. Kenjegul fi ìka tẹ̀ ẹ́, ó gbóòórùn rẹ̀, ó sì ní kí wọ́n mú ìwé àdéhùn wá.